Ta Ló Ni Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà?

Láti ìgbà ìdìbò gómìnà tó wáyé l'Ékòó lọ́jọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2023, ìbéèrè kan wà tí kò tíì kúrò nílẹ̀: "Ta ló ni Èkó?" Wọ́n ń bèèrè rẹ̀ lórí ayélujára, wọ́n ń bèèrè rẹ̀ nínú ọjà, wọ́n ń bèèrè rẹ̀ nínú dáńfó. Ẹ ó rántí ohun tí ìròyìn gbé lọ́jọ́ náà, bí àwọn kan ṣe ń wojú àwọn olùdìbò, tí wọ́n ní kí ẹni tí ojú rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti Ígbò máa lọ sílé. Sátidé ni ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Sánńdè ni.

Ẹ rò ó wò ná. Àárín Lẹ́ńtì la wà. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì káàkiri Èkó ní Sánńdè yẹn, Yorùbá àti Ígbò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Wọ́n jọ kúnlẹ̀. Nígbà tí Fádà ní kí wọ́n fún ara wọn ní àlàáfíà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n tò sórí ìlà kan ṣoṣo láti gba Ara Kristi. Ẹni tí wọ́n lé nídìí àpótí ìbò lánàá lè wà lórí ìlà yẹn. Ẹni tó dúró tó ń wò, tí kò la ẹnu rẹ̀, lè wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Kí ni bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ yẹn wá túmọ̀ sí?

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí, Yorùbá ni mí, agbẹjọ́rò ni mo sì kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: ìṣọ̀kan nínú pàríìṣì tí ẹ̀yà púpọ̀ pé sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye èdè tí a fi kọrin. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń di ṣíbí ọbẹ̀ mú ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí àwọn èèyàn máa wá sin òkú rẹ̀ ni. Bí a ò bá yanjú ìwọ̀nyẹn, kí akọrin fi èdè mẹ́wàá kọ "Àmín," aṣọ orí ìtàgé lásán ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wọ pàríìṣì ńlá kan l'Ékòó rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Mísà òyìnbó ló pọ̀ jù. Mísà Yorùbá lè wà láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn ìyá àgbà àti àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ nìkan ló ti jí. Mísà Ígbò náà á ní àsìkò tirẹ̀. Akọrin Yorùbá wà, akọrin Ígbò wà, akọrin tó ń kọ orin òyìnbó àti Látìn náà wà. Ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ń ṣe ìpàdé, ẹgbẹ́ ọmọ Ígbò ń ṣe ìpàdé, àwọn ará Ẹdó, àwọn Tiv, àwọn ará Kàlàbà àti àwọn Ègùn náà ń wá ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbogbo wa á wọ aṣọ ìbílẹ̀ wa. Àwọn kan á dé fìlà pupa, àwọn kan á wé gèlè, wọ́n á gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú ijó, a ó ya fọ́tò, a ó gbé e sórí Instagram. A ó sọ pé ọ̀kan ni wá.

Mi ò bú ọjọ́ yẹn o. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo máa ń jó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣọ̀kan tó jẹ́ pé ọjọ́ kan lọ́dún la máa ń rí i, àlejò ni. Ìgbà tí ìṣòro bá dé la máa ń mọ ẹni tó wà nínú ilé àti ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní pàríìṣì tí mo ń lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ìyá kan wà tó jẹ́ ará Ègùn láti ọ̀nà Àgbádárìgì. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń rí i ní gbogbo Sátidé. Òun ló ń fọ aṣọ orí pẹpẹ, òun ló ń lọ̀ ọ́, òun ló ń gbá àyíká ibi tí Fádà máa dúró sí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, a wá rí bí a ṣe pín ara wa. Ní pàríìṣì wa nígbà náà, ẹgbẹ́ ẹ̀yà ló ń bójú tó ìsìnkú. Bí Yorùbá bá kú, ẹgbẹ́ Yorùbá á gbé kánópì àti àga wá, wọ́n á dáwó jọ, wọ́n á wá ṣe àìsùn. Bí Ígbò bá kú, ẹgbẹ́ Ígbò á ṣe é, wọ́n á tiẹ̀ ṣe é dáadáa jù wá lọ. Àwọn Ègùn ńkọ́? Ìdílé bíi mẹ́rin péré ni wọ́n nínú gbogbo pàríìṣì. Kò sí kánópì. Kò sí àpò owó. Ní alẹ́ àìsùn, mo ka orí àwọn tó wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò pé ogún. Pàríìṣì tó jẹ́ pé bí èèyàn bá pẹ́ dé ní Sánńdè, ìta ló máa dúró sí!

Kò sí ẹni tó kórìíra ìyá yìí, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Yorùbá, wọ́n á ní àwọn rò pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń bójú tó o. Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Ígbò, ohun kan náà ni wọ́n máa sọ. Gbogbo èèyàn ló ní "àwọn èèyàn rẹ̀" lẹ́nu. Ṣebí àwa tá a jọ ń jẹ Ara Kristi kan náà ló yẹ ká jẹ́ èèyàn rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ opó tí ìjọ gbójú fò kì í ṣe tuntun. Ẹ ṣí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹfà. Ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù ò tíì pẹ́ tí irú ìjà yìí ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń kùn sí àwọn Júù tó ń sọ èdè Hébérù, torí pé nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ lójoojúmọ́, wọn kì í rántí àwọn opó tiwọn. Ẹ kíyè sí i, ìjà yẹn kì í ṣe lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Lórí oúnjẹ ni, lórí ẹni tí ojú àwọn tó ń pín in ò rí.

Kí ni àwọn Àpọ́sítélì wá ṣe? Wọn ò sọ pé kí àwọn Gíríìkì lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Wọn ò wàásù fún àwọn opó pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọn ò ṣe ọjọ́ àṣà. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹ ka orúkọ àwọn méje náà: Sítéfánù, Fílípì, Prókórù, Nikánórì, Tímónì, Páménà àti Nikólà ará Áńtíókù. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, ẹ ti rí i. Ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń ráhùn gan-an ni wọ́n ti yan àwọn tó máa di ṣíbí ọbẹ̀ mú, pé àwọn tó pọ̀ jù gbé ṣíbí fún àwọn tó kéré, kì í ṣe fún tiwọn nìkan, fún oúnjẹ gbogbo ìjọ. Bí mo bá ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan, orí kẹfà yẹn ni mo máa fi ń wọ̀n ọ́n. Ta lẹ gbé ṣíbí lé lọ́wọ́?

Àwọn kan máa sọ pé, ó dáa, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣàìní onílé. Ilẹ̀ Yorùbá lèyí, Yorùbá ló yẹ kó jẹ́ onílé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, màá sì tún padà sórí ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ tí àwa Yorùbá fúnra wa ń pe ìjọ yìí. Kí là ń pè é? Ìjọ Àgùdà. Ta sì ni Àgùdà? Orúkọ àwọn tó padà dé láti Brazil ni, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, tí wọ́n padà wá sí Èkó pẹ̀lú orúkọ bíi da Silva àti da Costa, tí púpọ̀ nínú wọn ń fi èdè Potogí gbàdúrà. Àdúgbò wọn ní Erékùṣù Èkó là ń pè ní Pópó Àgùdà títí dòní.

Kí Fádà kankan tó fìdí kalẹ̀ l'Ékòó, àwọn Àgùdà yìí ti ń pé jọ gbàdúrà. Ọ̀kan lára wọn tó ti oko ẹrú bọ̀, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ló ń darí wọn. Nígbà tí Fádà Borghero, ará Ítálì láti inú ẹgbẹ́ SMA, gba Ouidah ní ilẹ̀ Dahomey wá sí Èkó ní ọdún 1863, kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ ló bá, ìjọ tí àwọn tó ti oko ẹrú dé ń dáàbò bò ló bá. Ọdún 1868 ni Fádà tó máa gbé ìlú yìí tó dé. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn ń wá. Àwọn Fádà Ẹ̀mí Mímọ́ gúnlẹ̀ sí Onítṣà ní ọdún 1885, ìgbàgbọ́ tí wọ́n gbìn níbẹ̀ ló sì kún inú ọ̀pọ̀ pàríìṣì wa l'Ékòó lónìí, nígbà tí àwọn ọmọ Ígbò wá ṣiṣẹ́, tí wọ́n wá ṣòwò, tí wọ́n sì bímọ síbí.

Kí ni mò ń sọ? Mò ń sọ pé orúkọ tá a fún ìjọ yìí ní èdè wa, orúkọ àwọn tó ti òkèèrè dé ni. Yorùbá tó bá jẹ́ Kátólíìkì, orúkọ àlejò ló ń jẹ́, kò sì tì í lójú. Bí ẹni kan bá wá gbé àyà pé òun ló ni ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé Àgùdà fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin kún un díẹ̀. Òfin ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1983, ní abala 518, sọ ohun tí pàríìṣì jẹ́. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ìlànà, ilẹ̀ ni wọ́n fi ń pín pàríìṣì, gbogbo onígbàgbọ́ tó ń gbé lórí ilẹ̀ yẹn ló sì wà nínú rẹ̀. Òfin náà gbà pé a lè dá pàríìṣì sílẹ̀ nítorí èdè tàbí orílẹ̀-èdè níbi tó bá ti yẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ àyàfi, kì í ṣe ìlànà. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe lágbára tó. Òfin ò bèèrè pé níbo ni bàbá rẹ ti wá. Òpópónà tí ò ń gbé ló bèèrè. Bí o bá gba yàrá kan sí òpópónà yẹn lánàá, pàríìṣì rẹ ti nìyẹn, bó ti jẹ́ ti ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́lé síbẹ̀.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 náà gbìyànjú. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí, kí ó fún àwọn tó ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá níṣìírí láti fẹ́ ara wọn, kí ó sì ran àwọn ẹgbẹ́ tó kọjá ẹ̀yà àti ẹ̀sìn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún kà! Àmọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló mọ̀ pé Orí Kejì ìwé òfin ló wà, abala 6 sì ti sọ pé ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé gbé lọ sí kóòtù. Bí ìjọba ò bá ṣe é, kò sí adájọ́ tí o lè sá tọ̀. Torí náà, ohun tí òfin ìlú ò lè fi ipá mú wa ṣe, àwọn ibi tá a ti ń pàdé ara wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló kù tó lè kọ́ wa. Pàríìṣì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ l'Ékòó tí olówó àti aláàárù, Yorùbá àti Ígbò, ti ń jókòó pa pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń ta nǹkan fún ẹnì kejì. Bí a bá ba ìyẹn jẹ́, kí ló kù?

Bí ẹnì kan bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kó wo Rwanda. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Rwanda ní ọdún 1994 ló jẹ́ Kristẹni, Kátólíìkì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Hutu àti Tutsi ò sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ o, Kinyarwanda ni gbogbo wọn ń sọ. Mísà kan náà, orin kan náà, èdè kan náà. Nígbà tí ìpakúpa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, àwọn èèyàn sá lọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì Nyamata àti Ntarama, wọ́n rò pé kò sí ẹni tó máa tẹ̀ lé àwọn débẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n pa wọ́n sí. Lára àwọn tó kú láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, àwọn tí aládùúgbò wọn pa wà níbẹ̀, àwọn tí ọmọ ìjọ wọn pa sì wà níbẹ̀.

Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà ń ṣe ìpàdé ńlá wọn ní Róòmù ní oṣù Kẹrin yẹn gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti pe Ìjọ ní ìdílé Ọlọ́run. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, Póòpù John Paul Kejì lọ sí Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ó sì fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n ń pè ní Ecclesia in Africa, tó gbé ọ̀rọ̀ ìdílé yìí kalẹ̀ pé ìdílé tí a ń sọ yìí gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀yà. Ìdílé Ọlọ́run ni wọ́n ń sọ ní Róòmù, tí ìdílé Ọlọ́run sì ń pa ara rẹ̀ ní Rwanda. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé èdè kan ṣoṣo kì í gba èèyàn là.

Nítòsí wa níbí, ẹ rántí Ahiara ní ìpínlẹ̀ Imo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, Póòpù Benedict yan Peter Okpaleke láti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù wọn. Ọmọ Anambra ni, Ígbò ni, ọ̀pọ̀ àwọn Fádà àti ọmọ ìjọ tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ Ígbò bíi tiẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò gbà, pé ọmọ Mbaise làwọn fẹ́. Ìta díósísì náà ni wọ́n ti fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní ọdún 2017, Póòpù Francis ní kí Fádà kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà láti tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Okpaleke fi ipò náà sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Ekwulobia ní 2020, ó sì di Kádínà ní 2022.

Mi ò sọ èyí láti fi Ígbò ṣẹ̀sín. Àwọn ará Ahiara ní ìráhùn tiwọn nípa bí wọ́n ṣe ń gbójú fo àwọn Fádà wọn nígbà yíyàn, ìráhùn náà sì tó ohun tí a gbọ́ sétí. Àmọ́ ó fi hàn wá pé bí a bá fi "tiwa nìkan" pín ilé, kò níbi tó máa dúró sí. Lẹ́yìn Yorùbá àti Ígbò, ó máa di Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa di ilé bàbá mi àti ilé bàbá rẹ.

Ṣé kí a wá fagi lé Mísà Yorùbá àti Mísà Ígbò, kí gbogbo wa máa sọ òyìnbó? Rárá o! Ìpàdé Vatican Kejì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 tó sì parí ní 1965, ló ṣílẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀ nínú Mísà, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà tó wá láti Ìkàrẹ́ wá bá ọmọ rẹ̀ gbé l'Ékòó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ Ìhìn Rere ní èdè tó fi tọ́ ọmọ. Ìyá àgbà tó wá láti Nsukka náà ní in. Òyìnbó tí a ń pè ní èdè gbogbo èèyàn, èdè àwọn tó kàwé ni. Bí a bá sọ ọ́ di ìṣọ̀kan, àwọn tí kò kàwé la fi ṣe ìrúbọ. Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì náà, Ẹ̀mí Mímọ́ ò sọ gbogbo wọn di elédè kan. Olúkúlùkù ló gbọ́ ọ ní èdè tirẹ̀, níbi kan náà, ní wákàtí kan náà. Ọ̀rọ̀ "níbi kan náà" yẹn ló ṣe pàtàkì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo ọ̀nà ń lọ.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí ọ̀rọ̀ àwọn Yorùbá tó ní wọ́n ń gbé àwọn mì. Òótọ́ wà níbẹ̀. Pàríìṣì wà nínú ìlú Yorùbá tó jẹ́ pé o lè lọ síbẹ̀ fún oṣù kan gbáko, kí o má gbọ́ orin Yorùbá kan ní Mísà tí èrò pọ̀ jù. Kátólíìkì tó jẹ́ Yorùbá lè máa ronú pé òun ló di àlejò. Ìyẹn ò dáa, ẹni tó bá sì sọ ọ́ jáde kì í ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Èdè ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì dúró lé gbọ́dọ̀ wà ní Mísà ńlá, kì í ṣe láàárọ̀ kùtù nìkan. Àmọ́ ojútùú rẹ̀ kì í ṣe ká máa kùn lábẹ́lẹ̀, ká wá lọ máa bú ẹni tó ń gbé àga. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn tá a ní wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ wa lọ́wọ́, àwọn ló ń wá sí ìpàdé, àwọn ló ń san owó, àwọn ló ń gbálẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ kí orin Yorùbá wà níbẹ̀, kó wá sí ìgbìdánwò orin.

Kí la wá máa ṣe? Mo ní ohun mẹ́rin, kò sí èyí tó ń bèèrè owó.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí òpópónà máa sin òkú, kí ẹ̀yà yé dá a ṣe. Lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ ìyá Ègùn yẹn, àwa bíi mélòó kan kọ lẹ́tà sí Fádà pàríìṣì wa. Ó gbọ́. Báyìí, àwọn tó ń gbé àdúgbò kan náà ló ń kọ́kọ́ lọ sílé olóòkú, ẹ̀yà yòówù kó jẹ́, kánópì àti àga sì ti di ti pàríìṣì. Ẹgbẹ́ ẹ̀yà ṣì ń wá pẹ̀lú aṣọ àti orin wọn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí opó tó tún máa kéré jù kí a tó rántí rẹ̀.

Èkejì, ìgbìmọ̀ àti owó. Abala 537 nínú òfin ìjọ sọ pé pàríìṣì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń ran Fádà lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ta ló wà níbẹ̀ ní tiyín? Bí alága, akọ̀wé àti akápò bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà lọ́dọọdún, ẹ má pè é ní ẹ̀bùn Ẹ̀mí Mímọ́. Ẹ ṣe bíi ti orí kẹfà, ẹ gbé ṣíbí fún àwọn tó kéré. Pàríìṣì tiwa ò tíì ṣe èyí. A ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń gbóná.

Ẹ̀kẹta, kí èdè máa pàdé ara wọn nínú Mísà kan náà. Kí wọ́n ka ìwé kíkà kìn-ín-ní ní Yorùbá, kí wọ́n kọ orin ìdáhùn ní Ígbò, kí àdúrà àwọn onígbàgbọ́ wá ní Ègùn tàbí Tiv, kí ìtumọ̀ sì wà nínú ìwé ìkéde fún ẹni tí kò gbọ́. Kì í ṣe lọ́jọ́ àjọ̀dún nìkan, kó jẹ́ Sánńdè kan lóṣù, ó kéré tán.

Ẹ̀kẹrin, kí akọrin kọ́ orin ara wọn. Kí Ígbò kọ orin Yorùbá, kí Yorùbá kọ orin Ígbò, kì í ṣe kí kálukú kọ tirẹ̀ kó jókòó. Bí o bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò nínú èdè ẹlòmíì, tí ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín sí ọ pé o ti sọ ọ̀rọ̀ mímọ́ di ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ó máa nira kí o tó lè pe èèyàn rẹ̀ ní "àwọn yẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo dojú èyí kọ jù. Púpọ̀ nínú yín, Èkó la bí yín sí. Ẹ ń sọ Yorùbá àdúgbò, ẹ ń sọ pidgin, ẹ ń jó orin ara yín, ẹ ń fẹ́ ara yín. Ẹ̀yin ni ẹ kò nílò ìtumọ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń kọ ọ̀rọ̀ tó burú jù sórí ayélujára bí ìdìbò bá ń bọ̀, tí ẹ máa ń pe ara yín ní orúkọ tí ẹ ò lè pe ẹni tó jókòó tì yín ní Mísà. Ìdìbò mìíràn ò jìnnà. Ọ̀rọ̀ "ta ló ni Èkó" máa tún gbóná. Bí wọ́n bá tún ní kí ẹnì kan padà sílé nítorí orúkọ rẹ̀, ẹni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Sánńdè tó kọjá ló yẹ kó kọ́kọ́ la ẹnu, kó ní, "Ará òpópónà wa nìyí, ẹ jẹ́ kó dìbò."

Bí kò bá lè sọ ìyẹn ní Sátidé, kí ló ń fún un ní àlàáfíà fún ní Sánńdè?